Bèèrè threshold kó o tó bèèrè ìwúwo: ìrírí mi nídìí ìṣirò tetraquark

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe gan-an nídìí físíìsì tí mo wá kà ní Jámánì, tí mo bá sì ti dáhùn pé ìwúwo àwọn pátíkù tó ní quark mẹ́rin ni mo ń ṣírò, ọ̀rọ̀ á kàn parí síbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀ lónìí torí pé iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi gan-an, àti torí pé àwọn nǹkan kan wà tí mo ti rí kọ́ nínú ẹ̀ tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ti gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Proton àti neutron tó wà nínú gbogbo nǹkan tá à ń fọwọ́ kàn, quark mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú wọn. Meson ní tiẹ̀ ní quark kan àti antiquark kan (òdìkejì quark). Lọ́dún 1964 tí Murray Gell-Mann àti George Zweig gbé èrò yìí jáde, kálukú lọ́tọ̀, Gell-Mann ti kọ ọ́ sínú pépà tiẹ̀ nígbà yẹn pé ó ṣeé ṣe kí quark méjì àti antiquark méjì wà pa pọ̀, tàbí quark mẹ́rin àti antiquark kan. Àwọn wọ̀nyí la wá ń pè ní tetraquark àti pentaquark. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan gidi kan tó jọ wọ́n, àfìgbà tó di 2003 tí àwọn Belle, ní lábù KEK ní Japan, rí nǹkan kan tí ìwúwo ẹ̀ jẹ́ bíi 3872 MeV, tí wọ́n sì pè é ní X(3872). (MeV la fi ń wọn ìwúwo nídìí iṣẹ́ yìí, proton kan jẹ́ 938 MeV, GeV kan sì jẹ́ MeV 1000.) Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń ya wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé threshold, torí pé orí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Ẹ máa wo ìwúwo pátíkù bí owó tó wà lápò ẹ̀. Tó bá fẹ́ túká di pátíkù méjì, owó yẹn gbọ́dọ̀ tó ra àwọn méjèèjì, ṣéńjì tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á fi sáré lọ. Tí owó ò bá tó, kò lè túká sí àwọn méjì yẹn, kò sí àwìn níbẹ̀. Àròpọ̀ ìwúwo àwọn méjèèjì yẹn la ń pè ní threshold. Pátíkù tó bá wà lókè threshold dáadáa, tí kò sì sí nǹkan tó dí i lọ́nà, á túká kíá, tetraquark gan-an ló sì máa ń yá jù, torí quark méjì méjì á kàn ya sọ́tọ̀ di meson méjì ni, kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀dá quark tuntun kankan. Bó bá ṣe ń yára túká tó ni ìwúwo ẹ̀ kò ṣe ní dúró sójú kan tó, á fẹ̀, fífẹ̀ yẹn la ń pè ní ìbú ẹ̀. Ìbú MeV kan túmọ̀ sí pé ó lo nǹkan bíi 6.6 × 10⁻²² sẹ́kọ́ńdù láyé, ìbú MeV 100 sì túmọ̀ sí pé ìgbà yẹn kéré sí i ní ìlọ́po 100.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣírò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní QCD sum rules (QCD ni ìlànà físíìsì tó ń sọ bí quark ṣe ń so pọ̀), tí Shifman, Vainshtein àti Zakharov gbé jáde lọ́dún 1979. Ohun tó dá lé lórí ò le láti sọ. Wàá kọ nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní current, tó ní àwọn quark tó yẹ kó wà nínú pátíkù yẹn, wàá wá ṣírò ẹ̀ lápá kan pẹ̀lú quark àti gluon (ohun tó ń so quark pọ̀), wàá fi àwọn condensate kún un, ìyẹn ni quark àti gluon tó kún inú àyè tá a rò pé ó ṣófo, wàá tún kọ ọ́ lápá kejì bíi pé pátíkù tó ò ń wá gan-an ló wà níbẹ̀, kó o wá sọ pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Nǹkan méjì kan wà tó jẹ́ pé ìwọ fúnra ẹ lo máa mú wọn: Borel parameter, ìyẹn nọ́ńbà tó ń dín ipa àwọn pátíkù tó wúwo jù kù nínú ìṣirò, àti ibi tó o ti máa gé e pé láti ibí lọ, àwọn pátíkù míì ló kù, mi ò kà wọ́n mọ́ tèmi.

Ibi yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Fún meson lásán, ohun tó ń ti àwọn pátíkù míì wá máa ń dàgbà bí s (agbára tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀), fún proton ó ń dàgbà bí s², ṣùgbọ́n fún tetraquark bí s⁴ ló ṣe ń dàgbà, ìyẹn ni pé àwọn tí o ò fẹ́ ló máa ń gba gbogbo yàrá, èyí tó ò ń wá á kàn wà ní kọ̀rọ̀. Fèrèsé tó o lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, níbi tí pátíkù tìẹ ti kó ìpín tó nítumọ̀ tí ìṣirò ẹ sì tún ń rọra parí sójú kan, máa ń tóóró gan-an. Mo ti rí pépà tó jẹ́ pé fèrèsé yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, síbẹ̀ nọ́ńbà tó jáde mọ́ tónítóní, ó bá èyí tí wọ́n wọ̀n ní lábù mu wẹ́kú. Irú pépà bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń kà láti ẹ̀yìn báyìí, mo máa ń wo gíráàfù ibi tí ìwúwo ti ń yí pẹ̀lú Borel parameter kí n tó wo nọ́ńbà ìparí. Tí ìlà yẹn ò bá tẹ́, nọ́ńbà yẹn ò ní ìdí tó dúró lé.

Nígbà tí nọ́ńbà tèmi àkọ́kọ́ fún tetraquark tó ní charm quark méjì (charm jẹ́ ọ̀kan nínú irú quark tó wúwo) jáde, mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tí ọ́fíìsì wọn kọjú sí tiwa, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, 3.87 GeV, kó lé tàbí kó dín ní 0.12." Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa, fèrèsé ẹ̀ sì dáa. Threshold ńkọ́?" Mo ní 3.875 ni. Wọ́n ní, "Ṣé òkè ẹ̀ ni tìẹ wà àbí ìsàlẹ̀?" Mo dákẹ́, mo ń wo nọ́ńbà yẹn. Wọ́n wá fa àga jáde fún mi, wọ́n ní, "Jókòó, àbúrò. Ìwúwo yẹn nìkan ò lè sọ fún wa bóyá nǹkan yìí á túká àbí kò ní túká. MeV 120 ni àyè tó o fi sílẹ̀, ohun tá a sì fẹ́ mọ̀ lè má ju MeV kan lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn yí bí mo ṣe ń ka nǹkan padà. Ẹ wo X(3872) yẹn. Tí ẹ bá ro ìwúwo D⁰ àti D*⁰, meson méjì tó ní charm quark, pọ̀, 3871.69 MeV lẹ máa rí, ìwúwo X fúnra ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 3871.65. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó! Pépà tó sọ pé òun fi sum rules rí X(3872) torí pé òun rí 3.87 GeV tó lè yẹ̀ ní 0.1 sọ́tùn-ún sósì, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ kí X ya èèyàn lẹ́nu. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni bó ṣe jókòó gẹ́lẹ́ sórí threshold, tí ìbú ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi MeV kan péré. Ọ̀nà tó ń gbà túká tún jẹ́rìí sí i. Ó ń túká sí J/ψ (meson tó ní charm àti anticharm) àti ρ, ó tún ń túká sí J/ψ àti ω (ρ àti ω jẹ́ meson tó fúyẹ́), iye méjèèjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ isospin (nọ́ńbà tó dá lórí ìdọ́gba láàárín quark u àti d, àwọn tó fúyẹ́ jù) àwọn méjèèjì yàtọ̀, pátíkù tó jẹ́ charm àti anticharm lásán ò yẹ kó lè ṣe irú ẹ̀. Ìdí tó fi rọrùn fún un ni pé threshold D⁺ àti D*⁻ fi nǹkan bíi MeV 8 ga ju ti D⁰ àti D*⁰ lọ, X wá sún mọ́ ọ̀kan, ó jìnnà sí èkejì, bí ìdọ́gba tó yẹ kó wà láàárín u àti d ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ìwúwo nìkan ò lè sọ gbogbo èyí fún ẹ, àfi bó o bá wo bó ṣe ń túká.

Ohun kejì tó wọ̀ mí lára ni ọ̀rọ̀ current yẹn. Àwọn kan á kọ current tó ní diquark (quark méjì tó so pọ̀) àti antidiquark, wọ́n á rí ìwúwo tó bá ti lábù mu, wọ́n á wá sọ pé ẹ ò rí i, quark mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pọ̀ sójú kan ni. Àwọn míì á kọ current tó ní D àti D*, wọ́n á rí nọ́ńbà kan náà, wọ́n á ní mólékù ni, ìyẹn meson méjì tó ń rọra di ara wọn mú láti òkèèrè. Nígbà tí mo jókòó tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe Fierz transformation (ọ̀nà ìṣirò tá a fi ń tún àwọn quark inú current tò), tí mo rí i pé current àkọ́kọ́ ṣeé tún tò di àròpọ̀ àwọn current irú kejì, láìfi nǹkankan kún un, ó yé mi pé ìjà yẹn ò lè parí síbẹ̀. Current kì í ṣe fọ́tò pátíkù. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dì pọ̀ tàbí mólékù ni, ìbú àti ọ̀nà tó ń gbà túká ni kó o lọ wá, àti bó ṣe jìnnà sí threshold tó, torí mólékù tó kù díẹ̀ kó tú máa ń tóbi ju proton lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọ̀rọ̀ Θ⁺, pentaquark kan, tún wà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ grúpù wa ni mo máa ń sọ ọ́ fún. Lọ́dún 1997, Diakonov, Petrov àti Polyakov ṣírò pé pentaquark kan yóò wà ní nǹkan bíi 1530 MeV, pé ìbú ẹ̀ ò sì ní tó MeV 15. Ní 2003, àwọn LEPS ní SPring-8 ní Japan kéde pé àwọn rí nǹkan kan ní 1540. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn á gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Lábù kan tẹ̀ lé òmíràn pé àwọn náà rí i, àwọn onítíọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pépà jáde wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, oríṣiríṣi ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí 1540. Nígbà tó yá CLAS ní Jefferson Lab ní Amẹ́ríkà, tí àwọn náà ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn rí i, padà lọ kó dátà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, ọ̀rọ̀ Θ⁺ ti parí.

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yẹn ni pé ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Threshold K⁺ (kaon kan) àti neutron jẹ́ nǹkan bíi 1433 MeV. Θ⁺ wá fi nǹkan bíi MeV 100 ga jù ú lọ, quark márààrún tó wà nínú ẹ̀ sì ni quark tó wà nínú K⁺ àti neutron gẹ́lẹ́, kí ló wá máa dá a dúró? Dátà àtijọ́ tí wọ́n ti gbà láti ara kaon tó ń kọlu proton àti neutron ti fi hàn pé tó bá wà lóòótọ́, ìbú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju bíi MeV kan lọ. Àwọn kan pariwo ẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìwúwo tó bára mu ló gba ọkàn àwọn èèyàn. Látìgbà tí mo ti ka gbogbo èyí ni mi ò ti gbé nọ́ńbà ìwúwo jáde láìfi ìbú tì í, kódà tí ìbú yẹn ò bá tíì dá mi lójú tó ti ìwúwo, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe wà.

Ìṣirò ìbú le ju ti ìwúwo lọ o, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wàá ṣírò coupling, ìyẹn bí pátíkù yẹn ṣe so mọ́ àwọn tó ń túká sí tó, wàá tún fi ìwúwo tó o ti ní tẹ́lẹ̀ sínú ẹ̀, gbogbo iyèméjì tó wà lára ìwúwo yẹn á wá wọ inú ìbú, á sì pọ̀ sí i. Àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn ni D*⁺, meson gidi tí kò ní àríyànjiyàn. Ó ń túká sí D⁰ àti π⁺, MeV tó kù lẹ́yìn tó bá ra àwọn méjèèjì ò pé mẹ́fà. Tí a bá ní ìwúwo D*⁺ fi MeV kan péré dín, tí gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú ọ̀nà yẹn á lọ. MeV kan péré! Ẹ wá fi ìyẹn wé sum rules tó ń fi MeV 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yí ìwúwo tó wà nínú ìṣirò ìbú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí mo sì ń ya ìlà ìbú lódindi dípò nọ́ńbà kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá ń kà á rí ibi tí ọ̀nà ti ṣí àti ibi tó ti pa dé.

Ní 2021, LHCb ní CERN kéde Tcc⁺, tetraquark tó ní charm méjì, èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ yẹn. Ó wà ní ìsàlẹ̀ threshold D*⁺ àti D⁰ pẹ̀lú nǹkan bíi 0.3 MeV péré, ó sì ń túká sí D⁰ D⁰ π⁺, owó ẹ̀ tó ra ìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onítíọ́rì ti ń ṣírò ẹ̀, nọ́ńbà wọn sì tàn ká láti nǹkan bíi MeV 300 nísàlẹ̀ threshold títí dé bíi 300 lókè. Ọ̀kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an nínú wọn ni ti Karliner àti Rosner, ní 2017 wọ́n ní 3882 MeV, kó lé tàbí kó dín ní 12. Wọ́n kọ àṣìmọ̀ wọn sílẹ̀ gedegbe, Tcc sì bọ́ sínú ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n dúró lé nǹkan tí wọ́n ti wọ̀n: ọdún 2017 kan náà ni LHCb rí Ξcc⁺⁺, baryon (pátíkù tó ní quark mẹ́ta bíi proton) tó ní charm méjì, ní nǹkan bíi 3621 MeV, àwọn méjì yìí sì ti sọ ní 2014 pé ó máa wà ní 3627, kó lé tàbí kó dín ní 12. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀nà ẹ̀ lọ dán wò lára baryon kó tó gbé e wá sí tetraquark, mo máa ń fetí sí i.

Àwọn pentaquark tí LHCb rí ní 2015, tí wọ́n tún wò dáadáa ní 2019, ọ̀rọ̀ kan náà ni: Pc(4312) wà nísàlẹ̀ threshold baryon Σc àti meson D̄ pẹ̀lú MeV díẹ̀, Pc(4457) wà nísàlẹ̀ ti Σc àti D̄*. Wu, Molina, Oset àti Zou ti sọ ọ́ ní 2010 pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà lókè 4 GeV, tí ìbú wọn ò ní fẹ̀.

Èyí tó ń gbà mí lọ́kàn jù báyìí ni Tbb, èyí tó ní bottom quark méjì. Bottom quark wúwo ju charm lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe wúwo tó ni àwọn méjèèjì ṣe máa sún mọ́ra tó, tí wọ́n á sì di ara wọn mú ṣinṣin. Karliner àti Rosner ní 10389 MeV ni, ìyẹn MeV 215 nísàlẹ̀ threshold B àti B*, àwọn meson tó ní bottom quark. Eichten àti Quigg, lọ́dún 2017 kan náà, ní MeV 121 nísàlẹ̀. Àwọn tó ń fi lattice (wọ́n á pín àyè àti àkókò sí kéékèèké bí àwọ̀n) ṣírò lórí kọ̀ǹpútà ńlá náà rí i nísàlẹ̀, láàárín nǹkan bíi 100 sí 200. Ẹ rí i pé nọ́ńbà wọn ò bára mu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù: kò ní lè túká kíákíá sí B àti B*, tí wọ́n bá sì jẹ̀bi dé MeV 50 pàápàá, ọ̀rọ̀ ò yí padà. Sí B àti B ńkọ́? Spin ẹ̀ (bó ṣe ń yí) àti parity ẹ̀ (bó ṣe máa rí nínú dígí), 1⁺, ò gbà á láyè láti túká sí méjì yẹn nìkan, ọ̀nà tó kù ni kó fi photon kan kún B méjì, ìwúwo ẹ̀ ò sì tó ìyẹn náà. Weak, agbára tó máa ń yí irú quark kan padà sí òmíràn, nìkan ló kù, bí B meson fúnra ẹ̀ ṣe máa ń ṣe, tó fi jẹ́ pé á rìn díẹ̀ nínú ẹ̀rọ kó tó túká. Kò tíì sẹ́ni tó rí i. Ó máa ń wù mí kí n wà láyé kí n rí ọjọ́ tí wọ́n máa rí i.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, lattice nìkan ló nílò kọ̀ǹpútà ńlá. Sum rules àti quark model, láptọ́ọ̀pù lásán gbé e. Pépà tó pọ̀ jù lọ wà lórí arXiv lọ́fẹ̀ẹ́, ìwúwo gbogbo meson àti baryon tẹ́ ẹ máa fi ṣírò threshold wà lọ́wọ́ Particle Data Group lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó kọ current kankan, ẹ kọ́kọ́ ya ìlà threshold gbogbo ọ̀nà tí pátíkù yẹn lè gbà túká sórí bébà kan, kí ẹ fi spin àti parity yọ èyí tí kò ṣeé ṣe kúrò. Ẹ̀gbọ́n yẹn ló kọ́ mi ní ìyẹn náà, ògiri ọ́fíìsì mi kún fún un báyìí.

Èyí tí mo wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́wọ́ ni Tbc, bottom kan, charm kan. Karliner àti Rosner ní 7134 MeV, kó lé tàbí kó dín ní 13, threshold B àti D sì fi MeV 11 péré ga jù ú lọ. Eichten àti Quigg ní òkè threshold ló wà. Sum rules mi ò lè dá ẹjọ́ yìí, mo sì ti kọ ìyẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń ṣírò méjèèjì sílẹ̀: tó bá wà nísàlẹ̀, àwọn pátíkù tí weak máa fọ́ ọ sí àti èyí tó máa pọ̀ jù nínú wọn, tó bá wà lókè, bí ìbú ẹ̀ sí B àti D ṣe máa fẹ̀ tó fún MeV kọ̀ọ̀kan tó bá fi ga sí i. Mo fi ọjọ́ sí i, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.